Sàráà àti Ìṣákọ́lẹ̀: Ohun tí Ilé-Iṣẹ́ Ńlá Jẹ Ìlú

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ ní ìrọ̀lẹ́ òní kan gbogbo ìlú tí ilé-iṣẹ́ ńlá wà nítòsí rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀yin ará Ibido ní Ṣàgámù ni mo dìídì fẹ́ kí ẹ tẹ́tí sí mi. Ọ̀rọ̀ náà nìyí: bí ilé-iṣẹ́ kan bá wá sí orí ilẹ̀ wa, tí ó ń wa òkúta, tí ó sì ń jèrè, ǹjẹ́ ó jẹ wá ní nǹkan kan? Bí ó bá sì jẹ wá, ǹjẹ́ òfin lè bá wa gbà á?

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ ya nǹkan méjì sọ́tọ̀, nítorí pé àwọn ènìyàn a máa pò wọ́n pọ̀. Ọ̀kan ni sàráà, èkejì ni ìṣákọ́lẹ̀. Bí olówó kan bá jí ní òwúrọ̀, tí ó pín àkàrà àti ẹ̀kọ fún àwọn ọmọ àdúgbò, sàráà ni ó ṣe. Bí ó bá pín in, a ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Bí kò bá pín in, kò sí ẹni tí ó lè pè é lẹ́jọ́ sí ààfin. Ṣùgbọ́n bí àlejò kan bá gba ilẹ̀ lọ́wọ́ ẹbí kan láti fi dáko, ohun tí ó ń gbé wá fún ẹbí náà lọ́dọọdún, ìbáà ṣe iṣu, ìbáà ṣe owó, kì í ṣe sàráà rárá. Ìṣákọ́lẹ̀ ni. Kì í ṣe inú rere ni ó fi ń san án. Ó ń san án nítorí pé ilẹ̀ náà ní olúwa. Bí ó bá kọ̀ tí kò san án, àwọn àgbà yóò ránṣẹ́ pè é.

Nígbà tí ilé-iṣẹ́ ńlá bá ṣe nǹkan fún ìlú, èwo ni ó ṣe nínú méjèèjì? Fún ọdún pípẹ́, sàráà ni. Ilé-iṣẹ́ a gbẹ́ kànga kan, a kun ilé-ìwé ní ọ̀dà, a pín ìwé àti báàgì fún àwọn ọmọ, a sì pe àwọn oníròyìn kí wọ́n wá ya fọ́tò. Àwa náà a pàtẹ́wọ́. Èyí kò burú. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ṣe sàráà lọ́dún yìí lè má ṣe é lọ́dún tí ń bọ̀, ohun tí ó bá sì wù ú ni yóò fi ṣe é. Omi lè máa wọ́n wa, kí ó jẹ́ bọ́ọ̀lù ni yóò rà fún wa. Nítorí èyí ni àwọn ìjọba kan fi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe òfin pé ohun tí ó jẹ́ sàráà tẹ́lẹ̀ gbọ́dọ̀ di gbèsè.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ilé. Gbogbo yín ni ẹ mọ̀ pé Ṣàgámù kì í ṣe ìlú kan ṣoṣo. Ní 1872 ni àwọn ìlú Rẹ́mọ mẹ́tàlá kó ara wọn jọ sí ojú kan nítorí ogun, kí wọ́n lè gba ara wọn sílẹ̀. Ọ̀fin wà nínú wọn, Mákún wà nínú wọn, Ìjọkù àti Ẹ̀pẹ́ wà níbẹ̀, Ibido náà sì wà níbẹ̀. Àwọn baba wa kò mọ̀ nígbà náà pé òkúta ẹfun tí a fi ń ṣe sìmẹ́ńtì wà nínú ilẹ̀ agbègbè yìí. Àwọn tí ó wá lẹ́yìn ni ó mọ̀. Ní 1959 ni a dá ẹgbẹ́ West African Portland Cement sílẹ̀, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn sì ní ìpín nínú rẹ̀. Ewékorò ni wọ́n ti kọ́kọ́ kọ́ ilé-iṣẹ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n kọ́ ti Ṣàgámù, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1978.

Ẹ fi ọdún náà sọ́kàn. Ní oṣù kẹta ọdún 1978 kan náà ni ìjọba ológun ṣe Òfin Lílo Ilẹ̀, tí ó fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí abẹ́ àkóso gómìnà. Ní ti ohun àlùmọ́nì tí ó wà nínú ilẹ̀, ìjọba àpapọ̀ ni òfin sọ pé ó ni ín. Nítorí náà, ẹbí tí baba ńlá wọn ń gba ìṣákọ́lẹ̀ lórí oko kò lè gba ìṣákọ́lẹ̀ lórí òkúta tí ó wà lábẹ́ oko náà. Owó tí a ń san lórí òkúta, Àbújá ni ó ń lọ. Eruku ni kò bá a lọ sí Àbújá. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ń gbé nítòsí ibi tí a ti ń fọ́ òkúta mọ ohun tí mo ń wí: ó wà lórí páànù, ó wà lórí aṣọ tí a sá, ó wà lórí ewé ẹ̀gẹ́. Bí wọ́n bá sì wa òkúta náà tán, ihò rẹ̀ yóò wà níbẹ̀ fún àwọn ọmọ wa.

Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n lẹ́yìn tí ilé-iṣẹ́ Ṣàgámù bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ni òfin tó rántí ìlú. Ní 2007, ìjọba àpapọ̀ ṣe òfin titun lórí wíwa ohun àlùmọ́nì. Abala 116 nínú òfin náà ni kí ẹ dì mú. Ó wí pé ẹni tí ó bá gba ìwé àṣẹ láti wa ohun àlùmọ́nì tàbí láti fọ́ òkúta gbọ́dọ̀ bá ìlú tí ó gbà á lálejò ṣe àdéhùn, kí ó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí ilẹ̀ náà. Ó ka irú ohun tí àdéhùn náà yóò dá lé: owó ìrànlọ́wọ́ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́, iṣẹ́ kíkọ́ fún àwọn ọ̀dọ́, iṣẹ́ fún ọmọ bíbí ìlú, ọ̀nà, omi, iná, ilé-ìwé, ìtọ́jú aláìsàn, ìrànlọ́wọ́ fún àwọn oníṣòwò kéékèèké àti fún títa irè oko, àti ìtọ́jú àyíká. Ó wí pé ìlú gbọ́dọ̀ ní ọ̀nà láti bá wọn pèrò, kí ó sì máa bójú tó bí iṣẹ́ ti ń lọ. Ó wí pé ní ọdún márùn-ún márùn-ún ni a ó máa tún àdéhùn náà yẹ̀ wò, àti pé títí a ó fi tún un yẹ̀ wò, ó de ìhà méjèèjì. Bí ilé-iṣẹ́ àti ìlú kò bá rí ọ̀rọ̀ náà yanjú láàrin ara wọn, ọ̀dọ̀ mínísítà ni ó ń lọ.

Ẹ rí i pé òfin yìí kò dá ìṣákọ́lẹ̀ padà fún ẹbí, ṣùgbọ́n ó fi nǹkan tí ó jọ ọ́ lé ìlú lọ́wọ́. Ohun tí ó wà nínú ìwé àdéhùn, a kì í tọrọ rẹ̀. A ń béèrè fún un ni.

Àwọn ọ̀gá ilé-iṣẹ́ kan yóò wí pé, "Ẹ̀yin èèyàn yìí, àwa ń san owó orí. Ní 1993 ni ìjọba tún fi owó orí ẹ̀kọ́ kún un. Kí ni ẹ tún ń béèrè?" Ọ̀rọ̀ náà ní òtítọ́ nínú. Ṣùgbọ́n ìjọba ni ó ń gba owó orí, ó sì lè fi owó tí ó gbà lórí òkúta Ṣàgámù ṣe ọ̀nà sí ibòmíràn, kò sì ṣẹ̀. Ẹni tí eruku ń bà lé lórí ni ó yẹ kí a bá ṣe àdéhùn lọ́tọ̀.

Nísinsìnyí, ǹjẹ́ òfin nìkan tó? Kí a má baà fi ara wa ṣe àdánwò, ẹ jẹ́ kí a wo ibi tí wọ́n ti dán irú rẹ̀ wò.

Ní ilẹ̀ Íńdíà, wọ́n ṣe òfin kan ní 2013, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kẹrin ọdún 2014. Ilé-iṣẹ́ tí èrè rẹ̀, tàbí ọjà tí ó ń tà, tàbí ohun ìní rẹ̀ bá tó iye kan, gbọ́dọ̀ ná ìdá 2 nínú 100 èrè rẹ̀ fún àǹfààní àwọn ará ìlú. Owó jáde lóòótọ́. Àwọn tí kì í ná kọ́bọ̀ tẹ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ná an. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn onímọ̀ yẹ ìwé ìṣirò wò, wọ́n rí i pé àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá tí ó ti ń ná ju ìdá 2 lọ tẹ́lẹ̀ fà sẹ́yìn, wọ́n wá dúró sí ìdá 2. Òfin fi ìdí àpò hàn wọ́n, wọ́n sì sọ ọ́ di ẹnu àpò. Wọ́n tún rí i pé àwọn ìpínlẹ̀ tí ilé-iṣẹ́ ti pọ̀, irú Maharashtra, ni owó náà ń lọ jù, tí àwọn agbègbè tí ìṣẹ́ ń bá jà sì ń rí díẹ̀. Òfin ka owó náà dáadáa. Kò ka ẹni tí ó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a padà sí Nàìjíríà, sí ilẹ̀ epo. Ní 2000 ni a ṣe òfin tí ó dá àjọ ìdàgbàsókè Niger Delta sílẹ̀, tí ó sì pàṣẹ pé kí ilé-iṣẹ́ epo kọ̀ọ̀kan máa san ìdá 3 nínú 100 ètò ìnáwó ọdún rẹ̀ fún àjọ náà. Owó wọlé, pẹ̀lú owó ìjọba àpapọ̀. Ní 2021, nígbà tí àwọn olùṣírò tí ìjọba yàn fi àbọ̀ jẹ́, mínísítà ètò ìdájọ́ ló kéde rẹ̀ fún aráyé pé láti 2001 dé 2019, nǹkan bí tírílíọ̀nù 6 náírà ni a yà sọ́tọ̀ fún àjọ náà, àti pé iṣẹ́ 13,777 tí wọ́n gbé jáde kò rí bí ó ti yẹ kí wọ́n rí. Ẹ rò ó wò. Òfin kò kùnà láti gba owó náà. Láàrin àpò tí owó ti jáde àti abúlé tí ó ń lọ ni ó ti sọnù.

Nítorí èyí ni òfin epo titun ti oṣù kẹjọ ọdún 2021 fi gba ọ̀nà mìíràn. Ó wí pé kí ilé-iṣẹ́ epo dá àpò kan sílẹ̀ fún àwọn ìlú tí ó gbà á lálejò, kí ó sì máa fi ìdá 3 nínú 100 owó tí ó fi ṣiṣẹ́ ní ọdún tí ó kọjá sínú rẹ̀. Nínú gbogbo 100 tí ó bá wọ àpò náà, 75 jẹ́ ti iṣẹ́ ìdàgbàsókè, 20 jẹ́ ti ìpamọ́, 5 jẹ́ ti ìnáwó ọ́fíìsì. Ìṣètò yìí dára ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ náà ni òfin fún láṣẹ láti pinnu àwọn tí yóò jókòó ti àpò. Ẹni tí ó jẹ gbèsè ni ó ń yan ẹni tí yóò gbà á! Bí àwọn kan bá sì ba ọ̀pá epo jẹ́ tàbí tí rúkèrúdò dá iṣẹ́ dúró, iye tí a fi tún un ṣe ni a ó yọ kúrò nínú owó ìlú, títí kan ti arúgbó tí kò jáde nílé.

Ohun tí gbogbo èyí kọ́ wa ni pé òfin lè fa owó jáde nínú àpò ilé-iṣẹ́, ṣùgbọ́n kò lè fà á dé ẹnu ọ̀nà wa. Ìrìn tí ó kù, ará ìlú ni yóò rìn ín. Àwọn àgbà ní ojú olójú kò jọ ojú ẹni.

Láyé àtijọ́, bí onígbèsè bá kọ̀ tí kò san gbèsè, olówó a rán ológò lọ dógò tì í. Ológò a jókòó sí ẹnu ọ̀nà onígbèsè, a máa pariwo, a máa pa adìẹ tí ó bá rí jẹ, títí ẹbí yóò fi wá owó náà. Àwọn ọ̀dọ́ tí ń fi igi dábùú ọ̀nà ilé-iṣẹ́ lóde òní, ológò ni wọ́n fẹ́ ṣe. Ìbínú wọn kò ṣàìnídìí. Ṣùgbọ́n owó tí a sábà fi ń pẹ̀tù sí irú rògbòdìyàn bẹ́ẹ̀, àpò àwọn tí ó wà níwájú ni ó ń wọ̀. Àwọn tí ó wà lẹ́yìn a padà sílé pẹ̀lú eruku wọn. Ológò tí ó lágbára lóde òní ni ìwé àti ìṣirò. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí a ti lè rán an níṣẹ́.

Èkíní, ẹ mọ ẹni tí ó jókòó fún yín. Ìlú mẹ́tàlá ni Ṣàgámù, Ibido kì í sì í ṣe èyí tí ó tóbi jù nínú wọn. Bí a bá wí pé Ṣàgámù fọwọ́ sí ìwé, ta ni ó fọwọ́ sí i fún Ibido? Ta ni ó yàn án? Ǹjẹ́ obìnrin kan wà níbẹ̀, nígbà tí ó jẹ́ pé àwọn obìnrin ni ó ń pọn omi, tí wọ́n sì ń fọ aṣọ tí eruku bà lé? Bí ẹ kò bá béèrè kí ìjókòó tó bẹ̀rẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ ni ẹ ó máa jà.

Èkejì, ẹ mọ iye. Òfin 2007 kò ṣe bí ti Íńdíà tàbí ti epo. Abala tí mo kà fún yín kò dárúkọ iye kankan. Ó fi í sílẹ̀ fún àwọn tí ó bá jókòó láti nà án. Ìlú tí ó bá mọ ọjà ná yóò gba púpọ̀. Ìlú tí ó bá yára dúpẹ́ yóò gba díẹ̀. Àwọn ọmọ Rẹ́mọ tí wọ́n jẹ́ agbẹjọ́rò àti olùṣírò owó kò wọ́n. Àsìkò yìí ni ó yẹ kí a pè wọ́n wálé, kì í ṣe ọjọ́ ọdún nìkan.

Ẹ̀kẹta, kí ohun gbogbo wà nínú ìwé, kí a sì kà á sí etígbọ̀ọ́ gbogbo ènìyàn ní èdè Yorùbá. Ẹ má gbọ́kàn lé ìlérí ẹnu ọ̀gá kan, bí ó ti wù kí ó jẹ́ ọmọlúàbí tó. Lafarge ti ilẹ̀ Faransé gba ìdarí ẹgbẹ́ sìmẹ́ńtì wa ní 2001. Ní 2015, Lafarge dà pọ̀ mọ́ Holcim ti Switzerland. Ní 2025, Huaxin ti ilẹ̀ Ṣáínà ra ìpín tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ọ̀gá ń lọ, ọ̀gá ń bọ̀, òkúta kan náà ni wọ́n ń wà. Sàráà a máa bá ọ̀gá lọ. Àdéhùn tí a kọ sílẹ̀ ni ó ń dúró de ẹni tí ó bá tún wọlé.

Ẹ̀kẹrin, ẹ ṣe ìṣirò lọ́dọọdún. Ẹ jẹ́ kí a ṣe é bí a ti ń ṣe àjọ: kò sí alájọ tí ó lè ko owó yín pamọ́ fún ọdún márùn-ún kí ẹ má béèrè. Kí a kọ ohun tí a ṣe ìlérí rẹ̀ sí apá kan, kí a kọ ohun tí a ti ṣe sí apá kejì. Bí ó bá jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́wàá ni wọ́n ní àwọn yóò ràn lọ́wọ́, àwọn mẹ́wàá wo ni, ọmọ ta sì ni wọ́n? Ìbéèrè yìí kì í ṣe fún ilé-iṣẹ́ nìkan. Ó jẹ́ fún àwa fúnra wa pẹ̀lú, nítorí pé olè ilé kò sàn ju olè òde lọ. Bí ọ̀rọ̀ bá sì dojú rú, òfin kan náà dá ìgbìmọ̀ sílẹ̀ ní ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan lórí ọ̀ràn ohun àlùmọ́nì àti àyíká. Ẹ kọ̀wé sí wọn, kí ẹ sì tọ́jú ẹ̀dà rẹ̀.

Ẹ̀karùn-ún, ẹ mọ ibi tí òfin parí sí. Àwọn tí ń wa ohun inú ilẹ̀ ni òfin 2007 dè. Ilé-iṣẹ́ tí ń ṣe oúnjẹ tàbí wáyà lójú ọ̀nà Ṣàgámù sí Abẹ́òkúta kò sí lábẹ́ abala náà. Ní 2008, wọ́n gbé àbá òfin kan wá sí ilé aṣòfin àgbà, tí ìbá mú gbogbo ilé-iṣẹ́ ńlá ya apá kan èrè wọn sọ́tọ̀ fún ará ìlú, ṣùgbọ́n kò di òfin. Nítorí náà, ohun tí àwọn wọ̀nyí bá ṣe fún wa, sàráà ni títí di òní. Ẹ bá wọn sọ̀rọ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ẹ dúpẹ́ bí wọ́n bá ṣe é, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe dà á pọ̀ mọ́ ohun tí ó jẹ́ ẹ̀tọ́ yín. Ẹ má sì jẹ́ kí ìjọba ìbílẹ̀ fi ara pamọ́ sẹ́yìn ilé-iṣẹ́ kankan. Kànga tí ilé-iṣẹ́ gbẹ́ kò pa gbèsè omi tí ìjọba jẹ wá rẹ́.

Ẹ̀yin ará Ibido, ní alẹ́ òní, ẹ bi àwọn tí ń ṣojú yín ní ìbéèrè mẹ́ta péré: Ìwé àdéhùn wo ni ó wà? Ọwọ́ ta ni ó wà? Ọdún wo ni a óò tún un yẹ̀ wò? Ìlú tí ó bá lè dáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti di olówó tí ó mọ ẹni tí ó jẹ ẹ́ ní gbèsè. Èyí tí kò bá lè dáhùn wọn, bí òfin tilẹ̀ wà, sàráà ni yóò máa jẹ.